Ta Ni Ìwé Ìrìnnà Ń Jẹ́rìí Fún?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò lónìí jẹ mọ́ ìwé pẹlẹbẹ kan tí àwọn arìnrìn-àjò máa ń fi pamọ́ sínú àpò bí ẹni fi owó pamọ́. Àwọn kan ń pè é ní páásípọ́ọ̀tì. Ìwé ìrìnnà ni àwa yóò máa pè é. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a ó sì máa tọ̀ lẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: nígbà tí ìjọba bá fi òǹtẹ̀ lu ìwé ìrìnnà ènìyàn, kí ni ìjọba náà ń jẹ́rìí sí? Ṣé ohun tí a kọ sílẹ̀ ní ọjọ́ tí a bí ẹni náà ni, àbí ẹni tó dúró níwájú aṣọ́bodè lónìí?

Lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa, ìbéèrè yìí kò ní ìtumọ̀, nítorí ọ̀kan náà ni ìdáhùn méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láyé tí ìdáhùn méjèèjì yà síra fún bí oríta. A kọ wọ́n sílẹ̀ ní ọkùnrin nígbà ìbí wọn, ṣùgbọ́n obìnrin ni wọ́n mọ ara wọn sí, bí obìnrin ni wọ́n sì ń gbé láàárín àwùjọ. Tàbí kí a kọ wọ́n sílẹ̀ ní obìnrin kí ó jẹ́ pé bí ọkùnrin ni wọ́n ń gbé. Tiransijẹ́ńdà ni orúkọ tí ayé òde òní fi ń pè wọ́n. A mọ̀ dájú pé ojú tí kálukú fi ń wo ọ̀rọ̀ wọn nínú ilé, nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti nínú mọ́ṣáláṣí kò dọ́gba. Iṣẹ́ òpìtàn ni iṣẹ́ tiwa lónìí. A fẹ́ mọ ohun tí àwọn ìjọba ti béèrè lọ́wọ́ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fún wọn ní ìwé ìrìnnà tó bá orúkọ àti ìrísí wọn mu. A fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi béèrè rẹ̀, kí a sì mọ ohun tó ná ẹni tó san án.

Ìgbà tí ìwé ìrìnnà kò béèrè

Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá, ilà ojú a máa sọ ìlú tàbí ìdílé tí ènìyàn ti wá. Ẹ̀rí náà wà lára ẹni tí a ń jẹ́rìí fún. Ibi tí ojú bá dé, ẹ̀rí dé ibẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìwé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ìwé, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó mú un lọ́wọ́, àárín àwọn méjèèjì sì ni iyèméjì ti ń wọlé. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Ìtàn tí a fẹ́ sọ yìí, ìtàn ògiri tó lanu ni.

Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ń la ààlà kọjá ní Yúróòpù láìmú ìwé kankan lọ́wọ́. Ogun ló mú ìfura wá. Ní 1915, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ìwé ìrìnnà tó ní fọ́tò, tó sì ṣe àpèjúwe bí ojú wọn ti rí. Lẹ́yìn ogun náà, ní 1920, Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè pe ìpàdé kan ní Paris, níbi tí wọ́n ti dábàá pé kí ìwé ìrìnnà gbogbo ayé jọra, kí ó sì jẹ́ ìwé olójú-ewé 32.

Nǹkan kan wà tó yẹ kí á kíyèsí dáadáa. Nínú ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà ní àkókò náà, kò sí àyè kankan tí a ti ń kọ ọ́ pé ọkùnrin ni ẹni yìí tàbí obìnrin. Orúkọ wà níbẹ̀, ọjọ́ ìbí wà níbẹ̀, àwọ̀ ẹyinjú àti gíga wà níbẹ̀, fọ́tò sì wà níbẹ̀. Nínú ti Gẹ̀ẹ́sì, àyè kan wà fún ìyàwó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ, nítorí pé ìyàwó lè bá ọkọ rìn lórí ìwé kan náà. Àwọn tó ṣètò ìwé náà gbà pé ẹni tó bá ti rí orúkọ àti fọ́tò kò tún ní béèrè ohun mìíràn. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá fẹ́ gba ìwé ìrìnnà tó bá ìgbé-ayé rẹ̀ tuntun mu, orúkọ àti fọ́tò nìkan ló ní láti yí padà. Ṣùgbọ́n ìyẹn náà kì í ṣe ohun kékeré.

Ẹ jẹ́ kí á wo Jámánì. Ní ìlú Berlin, oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Magnus Hirschfeld ṣe ìwádìí nípa irú àwọn ènìyàn yìí, ó sì tẹ ìwé jáde nípa wọn ní 1910. Nígbà náà, ẹni tí a kọ sílẹ̀ ní ọkùnrin tó bá wọ aṣọ obìnrin jáde sí ìgboro lè bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́pàá pé ó ń da ìlú rú. Hirschfeld àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá àwọn ọlọ́pàá sọ̀rọ̀, àwọn ọlọ́pàá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn kan ní ìwé tó sọ pé àwọn mọ̀ nípa irú aṣọ tí ẹni náà ń wọ̀. Ní àwọn ọdún 1920, wọ́n tún gba àwọn mìíràn láàyè láti pààrọ̀ orúkọ, ṣùgbọ́n orúkọ tí kò fi hàn bóyá ọkùnrin ló ń jẹ́ ẹ tàbí obìnrin ni wọ́n gbọ́dọ̀ mú. Ní oṣù Karùn-ún 1933, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ Násì gba ìjọba, wọ́n ya wọ inú ilé ìwádìí tí Hirschfeld dá sílẹ̀ ní 1919, wọ́n kó àwọn ìwé rẹ̀, wọ́n sì dáná sun wọ́n ní gbangba. Ohun tí ìjọba kan fi ọwọ́ kan fúnni, ìjọba mìíràn fi ọwọ́ kejì gbà á. Ẹ jẹ́ kí á fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún bá a pàdé.

Ní 1930, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Denmark kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Einar Wegener lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ní Jámánì. Ọba Denmark tú ìgbéyàwó tó wà láàárín òun àti Gerda ìyàwó rẹ̀ ká ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ìjọba sì fún un ní ìwé ìrìnnà lórúkọ tuntun, Lili Ilse Elvenes. Lili Elbe ni ayé wá mọ̀ ọ́n sí. Kò pẹ́ lórí ìwé náà. Iṣẹ́ abẹ tó tẹ̀lé e ṣe é léṣe, ó sì kú ní Dresden ní oṣù Kẹsàn-án 1931.

Ìtàn tó wá kárí ayé ni ti Christine Jorgensen. New York ni wọ́n ti bí i ní 1926. Ó sin ìlú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Ó sì lọ sí Denmark ní 1950 láti lọ gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn. Ní 1952, nígbà tí ìrísí rẹ̀ kò bá fọ́tò inú ìwé rẹ̀ mu mọ́, ó tọ ọ́fíìsì aṣojú Amẹ́ríkà ní Copenhagen lọ. Eugenie Anderson ni aṣojú náà nígbà yẹn. Wọ́n gbà láti yí orúkọ rẹ̀ padà sí Christine nínú ìwé ìrìnnà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún náà, ìwé ìròyìn New York kan gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ojú ewé kìíní, ó sì di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀.

Ṣùgbọ́n ní 1959, nígbà tí ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní New York kọ̀ láti fún un ní ìwé àṣẹ. Wọ́n ní ìwé ìbí rẹ̀ sọ pé ọkùnrin ni. Ẹ wo bí ìjọba ti sọ ọ̀rọ̀ méjì nípa ẹnìkan ṣoṣo. Ní etí òkun, ìwé kan pè é ní Christine. Ní ọ́fíìsì ìgbéyàwó, ìwé mìíràn ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ìwé ìrìnnà wo ẹni tó dúró níwájú rẹ̀. Ìwé ìbí wo ọjọ́ tó ti kọjá lọ. Láti ìgbà náà wá ni ìjà àwọn ìwé méjèèjì ti ń lọ.

Bí lẹ́tà kan ṣe wọlé

Báwo wá ni àyè fún ọkùnrin tàbí obìnrin ṣe dé inú ìwé ìrìnnà? Ọkọ̀ òfuurufú ló fà á. Bí àwọn ọkọ̀ òfuurufú ńláńlá ti ń kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà gígùn di ìṣòro ní pápá ọkọ̀. Àjọ àgbáyé tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú, ICAO, yan ìgbìmọ̀ kan láti ṣètò ìwé tí ẹ̀rọ lè kà. Ní àárín àwọn ọdún 1970, ìgbìmọ̀ náà dábàá pé kí wọ́n máa kọ ọkùnrin tàbí obìnrin sínú ìwé ìrìnnà. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé orúkọ kì í fìgbà gbogbo fi hàn bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, àti pé ìrísí inú fọ́tò lè tan ènìyàn jẹ. Ẹ rántí pé ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń dá irun sí, tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin sì ń wọ ṣòkòtò.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Lóòótọ́, bí a bá gbọ́ Òjó, a mọ̀ pé ọkùnrin ni. Bí a bá gbọ́ Àìná, a mọ̀ pé obìnrin ni. Ṣùgbọ́n ta ló lè gbọ́ Táíwò, Kẹ́hìndé, Ìdòwú tàbí Olúfẹ́mi kí ó sọ bóyá ọkùnrin ló ń jẹ́ ẹ tàbí obìnrin? Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé àti bí ọmọ ṣe wáyé ni ọ̀pọ̀ orúkọ wa ń sọ. Kódà, ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ wa, “ó”, kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin. Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn Christine Jorgensen títí tí a fi parí rẹ̀, “ó” náà ni a ń lò, èdè wa kò sì fi ipá mú wa láti yan ọ̀kan. Ohun tó jẹ́ ọrọ̀ nínú èdè wa di ìṣòro lójú ẹni tó fẹ́ kí ẹ̀rọ ka orúkọ kí ó sì mọ gbogbo nǹkan.

Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọkùnrin tàbí obìnrin sínú ìwé ìrìnnà rẹ̀ ní 1976. Ní 1980, ICAO tẹ ìlànà rẹ̀ jáde nínú ìwé tí a ń pè ní Document 9303. Nínú ìlà kejì àwọn àmì tí ẹ̀rọ ń kà ní ìsàlẹ̀ ojú-ewé, àyè kọkànlélógún ni wọ́n fi pamọ́ fún un: M fún ọkùnrin, F fún obìnrin. Ìlànà náà gba lẹ́tà X pẹ̀lú lójú-ewé, fún ẹni tí a kò sọ èyí tó jẹ́. Lẹ́tà kan ṣoṣo, ní àyè kan ṣoṣo; ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti wọlé, orúkọ àti fọ́tò nìkan kò tó mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìwé rẹ̀ bá ara rẹ̀ mu ní láti bá ìjọba sọ̀rọ̀ nípa lẹ́tà náà, ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ iye tí ó fẹ́ kí wọ́n san.

Iye tí wọ́n ní kí wọ́n san

Kì í ṣe owó ni iye náà. Sweden ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó ṣe òfin tó fàyè gba yíyí àkọsílẹ̀ ọkùnrin tàbí obìnrin padà, ní 1972. Òfin náà béèrè pé kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ di ẹni tí kò lè bímọ mọ́. Jámánì ṣe tirẹ̀ ní 1980. Ọ̀nà méjì ni òfin Jámánì là sílẹ̀: ọ̀nà kékeré, tí ènìyàn fi lè pààrọ̀ orúkọ nìkan, àti ọ̀nà ńlá, tí a fi ń yí àkọsílẹ̀ padà, tó béèrè iṣẹ́ abẹ àti àìlèbímọ.

Àwa tí a máa ń sọ pé ọmọ laṣọ mọ ìwúwo irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ìjọba ń sọ fún ọmọ ìlú rẹ̀ pé: bí o bá fẹ́ kí ìwé rẹ sọ òtítọ́ nípa ìgbé-ayé rẹ, kọ́kọ́ fi irú-ọmọ rẹ dí i. Ó gba ọdún púpọ̀ kí èyí tó di ohun ìtìjú. Ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀ ní Jámánì fagi lé ìbéèrè náà ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kìíní 2011. Sweden mú un kúrò ní 2013, ó sì gbà ní 2018 láti san owó ìtanràn fún àwọn tí wọ́n ti fi òfin náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2017, Ilé Ẹjọ́ Ilẹ̀ Yúróòpù fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ní Strasbourg sọ nínú ẹjọ́ kan tó kan ilẹ̀ Faransé pé fífi ipá béèrè irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ ta ko ẹ̀tọ́ ènìyàn. Láàárín àkókò yìí, Argentina ti gba ọ̀nà mìíràn ní 2012: òfin rẹ̀ kò béèrè iṣẹ́ abẹ, kò sì béèrè ìwé oníṣègùn, ọ̀rọ̀ ẹni náà tó.

Ẹ jẹ́ kí á wá tẹ̀lé ọ̀nà Amẹ́ríkà ní ẹsẹẹsẹ, nítorí níbẹ̀ ni ìtàn náà ti hàn kedere jù lọ. Láti 1992, ìjọba Amẹ́ríkà ní ìlànà tó fàyè gba yíyí lẹ́tà inú ìwé ìrìnnà padà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ ni wọ́n béèrè. Ẹni tí kò lówó iṣẹ́ abẹ, ẹni tí ara rẹ̀ kò lè gbà á, àti ẹni tí kò fẹ́ ẹ, gbogbo wọn wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ní oṣù Kẹfà 2010, nígbà tí Hillary Clinton jẹ́ Akọ̀wé fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n fi ìwé oníṣègùn rọ́pò iṣẹ́ abẹ: kí dókítà kọ ọ́ pé ẹni náà ti gba ìtọ́jú tó yẹ. Ẹni tí ìtọ́jú rẹ̀ kò tíì parí lè gba ìwé ọlọ́jọ́ kúkúrú. Ní oṣù Kẹfà 2021, Antony Blinken kéde pé kò ní sí ìwé oníṣègùn mọ́. Kí kálukú fúnra rẹ̀ yan M tàbí F. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, wọ́n fún Dana Zzyym ní ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó ní X. Jagunjagun orí omi tẹ́lẹ̀ rí ni, wọ́n bí i pẹ̀lú ara tí kò ṣe é pè ní ti ọkùnrin tàbí ti obìnrin pátápátá, ó sì ti gbé ìjọba lọ sí ilé ẹjọ́ láti 2015. Ní oṣù Kẹrin 2022, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ X lè béèrè fún un.

Ẹ wo bí ẹrù náà ti ń fúyẹ́: ọ̀bẹ oníṣègùn ní 1992, kálàmù oníṣègùn ní 2010, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni náà ní 2021. Ẹnikẹ́ni tó bá dúró ní 2022 kí ó wẹ̀yìn lè rò pé ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìtàn ń tọ̀. Ṣùgbọ́n a ti rí Berlin ná. Ní ọjọ́ ogún oṣù kìíní 2025, ọjọ́ tí Donald Trump tún gorí àlééfà, ó fọwọ́ sí àṣẹ kan pé kí ìwé ìjọba má mọ ju ọkùnrin àti obìnrin lọ, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wà nígbà ìbí. Ilé iṣẹ́ tó ń fúnni ní ìwé ìrìnnà dá X dúró, ó sì ní lẹ́tà tó bá ti ìgbà ìbí mu ni òun yóò máa kọ. Àwọn ènìyàn kan pe ìjọba lẹ́jọ́ ní Massachusetts. Ní oṣù Kẹrin àti oṣù Kẹfà, adájọ́ níbẹ̀ dá àṣẹ náà dúró, fún àwọn olùpẹ̀jọ́ ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà fún gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kọkànlá 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ gba ìjọba láàyè láti máa lo àṣẹ náà nígbà tí ẹjọ́ náà ṣì ń lọ. Adájọ́ mẹ́ta kò fara mọ́ ọn.

Ohun tí àwọn adájọ́ tó pọ̀ jù sọ ṣe pàtàkì fún ìbéèrè wa. Wọ́n ní kíkọ ọkùnrin tàbí obìnrin ti ìgbà ìbí sínú ìwé ìrìnnà kò yàtọ̀ sí kíkọ orílẹ̀-èdè tí a ti bí ènìyàn. Ìjọba kàn ń jẹ́rìí sí ohun ìtàn kan tó ti ṣẹlẹ̀ ni. Níbí ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn gbangba. Lójú wọn, ìwé ìrìnnà jẹ́ ẹ̀ka ìwé ìbí.

Ọ̀nà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba ọ̀nà kan náà. Ní 1970, nínú ẹjọ́ tó wà láàárín April Ashley àti Arthur Corbett ọkọ rẹ̀, Adájọ́ Ormrod dá a pé lójú òfin ìgbéyàwó, ohun tí ara ènìyàn jẹ́ nígbà ìbí ni yóò máa jẹ́ títí ayé. Fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé ìbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe é yí padà fún irú àwọn ènìyàn yìí. Síbẹ̀, láàárín àkókò náà gan-an, ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà a máa fún wọn ní ìwé lórúkọ tuntun. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń yí orúkọ padà nílẹ̀ wa ti máa ń lọ búra nílé ẹjọ́ kí ó sì polówó nínú ìwé ìròyìn pé “èmi tí mo ń jẹ́ báyìí tẹ́lẹ̀ rí”, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní ìwé ìyípadà orúkọ tiwọn, tó rọrùn láti ṣe. Wọ́n á fi lẹ́tà dókítà kún un, tó sọ pé ìyípadà náà ti di ti gbére. Iṣẹ́ abẹ kò sí nínú ohun tí wọ́n ń béèrè fún ìwé ìrìnnà.

Àwọn ènìyàn wá ń gbé ìwé tí kò fohùn ṣọ̀kan kiri. Wọ́n gbé e lọ sí Strasbourg. Mark Rees pàdánù ní 1986. Caroline Cossey pàdánù ní 1990. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Keje 2002, Christine Goodwin jàre. Ilé ẹjọ́ náà sọ pé kò yẹ kí ìjọba fi àwọn ènìyàn sáàárín ibi tí kò jẹ́ ìhín tí kò jẹ́ ọ̀hún. Èyí ló bí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 2004, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹrin 2005. Òfin náà gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tó lè fúnni ní ìwé ẹ̀rí, kí a sì tipa bẹ́ẹ̀ rí ìwé ìbí tuntun gbà. Ó béèrè ẹ̀rí àwọn oníṣègùn àti ọdún méjì tí ẹni náà ti fi gbé ìgbé-ayé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò béèrè iṣẹ́ abẹ. Ti lẹ́tà X, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ní oṣù Kejìlá 2021, nínú ẹjọ́ tí Christie Elan-Cane pè, pé òfin kò fi dandan mú ìjọba láti fúnni.

Kí ni a rí kọ́?

Ó yẹ kí á gbọ́ tẹnu àwọn tó ní kí lẹ́tà náà dúró bí ó ti wà nígbà ìbí. Wọ́n ní ìwé ìjọba kò gbọ́dọ̀ máa yí bí ọ̀gà, kí ọ̀daràn má baà rí ibi sá pamọ́ sí. Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe ti ẹni tí kò ní làákàyè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ohun tí ìwé ìrìnnà ń ṣe gan-an. Láti 2006, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi ẹ̀rọ kékeré sínú ìwé ìrìnnà, tó tọ́jú àwòrán ojú ẹni tó ni ín. Nọ́ńbà ìwé wà níbẹ̀, ọjọ́ ìbí wà níbẹ̀. Orúkọ tí ẹni náà ti jẹ́ rí kò kúrò nínú àkọsílẹ̀ ìjọba tó fún un níwèé. Nínú gbogbo ẹlẹ́rìí tó wà lójú-ewé náà, lẹ́tà àyè kọkànlélógún ni kò lágbára jù, nítorí pé nǹkan bí ìdajì gbogbo ènìyàn ayé ló ń pín in lò. Ní 2012, ICAO fúnra rẹ̀ gba ìwádìí kan yẹ̀wò lórí bóyá kí wọ́n yọ lẹ́tà náà kúrò. Wọ́n fi í sílẹ̀, nítorí ìnáwó àti wàhálà tí yíyọ rẹ̀ yóò fà fún àwọn aṣọ́bodè.

Ẹ wá fi ọkàn ro arìnrìn-àjò tí irùngbọ̀n rẹ̀ kún, tí ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, tí ìwé rẹ̀ sì sọ pé obìnrin ni. Aṣọ́bodè tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò fura. Yóò pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò béèrè ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí a béèrè lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní orílẹ̀-èdè tí òfin rẹ̀ le sí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, ìwé tó yẹ kí ó dáàbò bò ó ló tú àṣírí rẹ̀. Àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ìwé ìrìnnà ni ìjọba rẹ̀ fi rán an lọ́wọ́ nílẹ̀ onílẹ̀. Nígbà tí ìwé náà kò bá jọ ẹni tó mú un lọ́wọ́, ìwé náà kò jẹ́rìí fún un mọ́. Ó ń jẹ́rìí lòdì sí i.

Nítorí náà, ìdáhùn tí ìtàn fi lélẹ̀ ni pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìwé méjèèjì ń ṣe. Ìwé ìbí ń tọ́jú ọjọ́ kan tó ti kọjá, kò sì sí ẹni tó ní kí a má tọ́jú ìtàn. Láti 1915 ni wọ́n ti lẹ fọ́tò mọ́ ìwé ìrìnnà, nítorí pé ẹni òní ni wọ́n fẹ́ kí ó fi hàn. Fọ́tò ọmọ ọwọ́ kò sí nínú ìwé ìrìnnà àgbàlagbà. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni ìjọba fi ń béèrè fọ́tò tuntun lọ́wọ́ gbogbo wa. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà ní Copenhagen ní 1952 mọ èyí, wọn kò sì nílò òfin gígùn kí wọ́n tó ṣe é.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá padà sí kíláàsì, ẹ mú ìwé ìrìnnà kan, ẹ ka ohun tó wà lójú-ewé rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bi ara yín léèrè nípa ìlà kọ̀ọ̀kan pé: nígbà wo ni èyí wọlé, ta ló mú un wọlé, kí sì ni ó ná ẹni tí kò bá a mu? Ẹ óò rí i pé kò sí ìlà kan níbẹ̀ tó bọ́ láti ọ̀run. Ènìyàn ló kọ gbogbo rẹ̀, ènìyàn náà ló sì ń ru ẹrù rẹ̀.

Ibi tí a ó dúró sí lónìí nìyí.